Wáyà Mẹ́ta: Ìtàn Iná Féèsì Mẹ́ta àti Fóltì Tí Ń Yí Mọ́tọ̀

Lára mọ́tọ̀ iná tí ń fa omi láti inú kànga, tí ń la gẹdú ní ilé ìlagi, tàbí tí ń yí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà tí àwọn tó ṣe é kọ nọ́ńbà méjì sí: 220/380, 230/400, 400/690, tàbí 230/460 bí ó bá jẹ́ pé ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ó rọrùn láti rò pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló pàṣẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni ìṣirò pa láṣẹ nínú wọn, ìyẹn ìbátan tó wà láàárín nọ́ńbà kékeré àti nọ́ńbà ńlá nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Gbogbo ìyókù jẹ́ ìpinnu ọmọ ènìyàn, láti orí Thomas Edison ní New York títí dé orí àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Yúróòpù ní òpin ọ̀rúndún ogún, gílóòbù tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú ilé ló sì darí èyí tó pọ̀ jù nínú ìpinnu náà. Mọ́tọ̀ rí irú iná tó bá a mu nínú wáyà mẹ́ta, ṣùgbọ́n fóltì tí gílóòbù ti yàn sílẹ̀ ni ó bá níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882 ni ilé-iṣẹ́ Edison bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná láti òpópónà Pearl ní New York. Irú iná tí ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo láìpadà sẹ́yìn ni, bíi ti bátìrì, fóltì rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 110, nítorí pé ìwọ̀n yìí ni fọ́nrán èédú inú gílóòbù ìgbà náà lè fara dà kí ó sì pẹ́. Fóltì ni ìwọ̀n ipá tí ń ti iná gba inú wáyà kọjá. Áńpíà ni ìwọ̀n bí iná tí ń kọjá náà ṣe pọ̀ tó. Ìlọ́po àwọn méjèèjì ló sì ń fi agbára tí a ń rí lò hàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé áńpíà ló ń mú wáyà gbóná tí agbára fi ń ṣòfò lójú ọ̀nà, àti pé bí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, òfò náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Iná tí fóltì rẹ̀ kéré ní láti ru áńpíà púpọ̀ kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ gidi, ìdí nìyí tí iná Edison kò fi lè rìn ju nǹkan bí máìlì kan lọ láìjẹ́ pé bàbà tí wọ́n fi ṣe wáyà yóò gba gbogbo èrè tán.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀, èyí tí ń yí ọ̀nà tó ń gbà padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ló ṣí ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni tiransifọ́mà lè gbà wọlé ní fóltì kékeré kí ó sì tú u jáde ní fóltì ńlá, tàbí kí ó ṣe é ní òdìkejì. Ní ọdún 1885, Károly Zipernowsky, Ottó Bláthy àti Miksa Déri tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ganz ní Budapest ṣe tiransifọ́mà tó múná dóko. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, William Stanley fi irú iná bẹ́ẹ̀ tan ìlú Great Barrington ní Amẹ́ríkà. Gílóòbù gba iná yìí láìjanpata, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tọ̀ tó dára tó lè lò ó. Bí wọ́n bá fún kọ́ìlì kan, ìyẹn wáyà tí a wé jọ lọ́pọ̀ ìgbà yípo irin, ní iná tí ń lọ tí ń bọ̀, agbára òòfà rẹ̀ yóò máa pọ̀ yóò sì máa dín lójú kan náà, yóò sì máa fa irin síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ní sọ apá ibi tí yóò yí sí fún un. Mọ́tọ̀ tó bá dúró yóò kàn máa gbọ̀n tí yóò sì máa kùn ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún ìmọ́lẹ̀ nìkan ní alẹ́ kò sì lè rówó pa bí ó ti yẹ, torí pé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá agbára, ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ yóò dúró lásán.

Ní ìlú Turin ní Ítálì ni Galileo Ferraris ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1885. Ó gbé kọ́ìlì méjì kalẹ̀ lọ́nà tí ọ̀kan fi dá èkejì ní àgbélébùú, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iná tó dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà, àyàfi pé èkejì ń dé góńgó rẹ̀ lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ ti kọjá. Bí agbára òòfà ti àkọ́kọ́ bá ń rẹlẹ̀, ti èkejì a máa gòkè, àpapọ̀ wọn a sì di òòfà kan tí ń yí po nígbà tí irin àti wáyà tó bí i kò kúrò lójú kan. Àgbá bàbà tí Ferraris gbé sáàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀ lé òòfà náà láìsí wáyà kankan tó kan án. Ó gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Turin ní oṣù Kẹta ọdún 1888, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ṣì í lọ́nà: ó gbà pé irú mọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ju ìdajì agbára tó bá gbà di iṣẹ́ lọ, nítorí náà ó kà á sí ohun èlò ìkọ́ni, kò sì wá ẹ̀tọ́ àṣẹ lé e lórí.

Nikola Tesla, ẹni tó ti Yúróòpù wá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1884, ti dé ibi kan náà láìgbára lé Ferraris, òun sì mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni mọ́tọ̀ náà wà fún. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1888, ó sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, ilé-iṣẹ́ George Westinghouse sì ra ẹ̀tọ́ náà ní oṣù Keje. Àmọ́ iná méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà àlọ àti wáyà àbọ̀ tirẹ̀, ni Westinghouse gbájú mọ́, wáyà mẹ́rin ni èyí sì ń gbà. Yàtọ̀ sí èyí, iná tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà nígbà yẹn ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 133 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó yára jù fún mọ́tọ̀. Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí Benjamin Lamme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà tó sọ mọ́tọ̀ náà di ọjà tó ṣeé tà.

Ọmọ Rọ́ṣíà kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Berlin ló fi wáyà mẹ́ta yanjú ọ̀rọ̀. Ọdún 1862 ni wọ́n bí Michael von Dolivo-Dobrowolsky nítòsí St. Petersburg. Wọ́n lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Riga nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ó lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Darmstadt ní Jámánì, ó sì di ẹnjiníà àgbà ní ilé-iṣẹ́ AEG. Ó ka ìwé Ferraris, ó rí ibi tí ìṣirò náà ti ya, ó sì ṣe mọ́tọ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1889. Kì í ṣe òun nìkan ló ronú dé orí mẹ́ta: Friedrich August Haselwander ti ṣe ẹ̀rọ amúnáwá féèsì mẹ́ta ní Offenburg ní ọdún 1887, Jonas Wenström náà sì ń ṣe tirẹ̀ ní Sweden. Àwọn tó fẹ́ fi ẹnì kan ṣoṣo ṣe baba iná yìí ń fi ẹ̀tọ́ àwọn yòókù dù wọ́n, nítorí ojú kan náà ni gbogbo wọn fi wo ìṣòro kan náà láàárín ọdún bíi mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Dobrowolsky ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi, láti orí ẹ̀rọ amúnáwá dé orí tiransifọ́mà, láti orí wáyà dé orí mọ́tọ̀.

Féèsì ni orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn iná tó bá dọ́gba, tó sì jẹ́ pé àkókò tí wọ́n ń dé góńgó nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ẹ̀rọ amúnáwá Dobrowolsky, kọ́ìlì mẹ́ta pín agbo sí ọgbọọgba, òòfà tó ń yí láàárín wọn sì ń kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí obìnrin mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan, tí ọmọ odó ẹnì kan ń balẹ̀ nígbà tí ti èkejì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ tí ti ẹ̀kẹta sì ń gòkè, odó náà kì í sinmi, ọmọ odó kan kì í sì í kọlu èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni féèsì mẹ́ta ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Iná féèsì kan tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń fún ẹ̀rọ ní agbára tó ń já sí òfo ní ìgbà 100 láàárín àkókò náà, ṣùgbọ́n bí a bá ro agbára féèsì mẹ́ta pọ̀, kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mọ́tọ̀ féèsì mẹ́ta fi ń yí jẹ́jẹ́, tí kì í gbọ̀n, tó sì lè gbéra fúnra rẹ̀ láìsí ohun kan tó tì í.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ju èyí lọ ni pé iná mẹ́ta yìí kò nílò wáyà àbọ̀. Ní àkókò tí féèsì àkọ́kọ́ bá wà ní góńgó rẹ̀ tó ń ti odidi kan síwájú, ìdajì ni èkejì ń dá padà sẹ́yìn, ìdajì ni ẹ̀kẹta náà sì ń dá padà. Odidi kan tó lọ ti di odidi kan tó bọ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, bí ẹrù tó wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, àpapọ̀ wọn á jẹ́ òfo, nítorí náà féèsì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà àbọ̀ fún àwọn méjì yòókù. Wáyà mẹ́ta péré ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí ì bá gba mẹ́fà, bàbà tí wọ́n sì ń nílò láti gbé agbára kan náà lọ ní fóltì kan náà àti òfò kan náà kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí iná féèsì kan ń gbà lọ. Ní àkókò tí iye owó bàbà ló ń sọ bóyá iná yóò dé ìlú kan tàbí kò ní dé, ìdá kan nínú mẹ́rin yìí kì í ṣe ohun kékeré rárá.

Mọ́tọ̀ tí Dobrowolsky ṣe pẹ̀lú rẹ̀ kò ní ìdíjú. Kọ́ìlì mẹ́ta dúró yí agbo ká bíi ti ẹ̀rọ amúnáwá, wọ́n sì ń bí òòfà tí ń yí po. Láàárín wọn ni àgbá irin kan wà, tí a ti ọ̀pá bàbà bọ inú ihò etí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí òrùka bàbà sì so orí gbogbo ọ̀pá náà pọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì bí àgò. Òòfà tí ń yí po náà ń bí iná sínú ọ̀pá wọ̀nyí láìfọwọ́ kàn wọ́n, iná inú wọn ń sọ àwọn náà di òòfà, àgbá náà a sì máa sáré tẹ̀ lé òòfà tó wà níta. Kò lè bá a láé, nítorí bí ó bá bá a, òòfà kò ní máa rékọjá ọ̀pá mọ́, iná inú rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé mọ́tọ̀ tí òòfà rẹ̀ ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan máa ń ní nǹkan bí 1,450 lára irin pẹlẹbẹ rẹ̀. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tí ń jẹ, kò sí iná tí ń ta pàrà. Bí béárín rẹ̀ bá ti dára tí omi kò sì wọ inú rẹ̀, mọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ó yí sí òdìkejì, kí wọ́n kàn pààrọ̀ ìdí wáyà méjì èyíkéyìí nínú mẹ́ta ti tó.

Ẹ̀rí tó mú kí ayé gbà wáyé ní ọdún 1891, nígbà àfihàn iná tó wáyé ní Frankfurt láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá. Oskar von Miller tó ṣètò àfihàn náà fẹ́ kí iná ti ibi tó jìnnà wá, ó sì rí ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì kan ní Lauffen lórí odò Neckar, tó jẹ́ kìlómítà 175 sí Frankfurt, tó ní agbára omi tí kò lò tán. Charles Brown ti ilé-iṣẹ́ Oerlikon ní Switzerland ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tó lè gba nǹkan bí agbára ẹṣin 300 láti inú omi náà. Fóltì tí ẹ̀rọ náà ń mú jáde kéré gan-an, nǹkan bí 55 lórí féèsì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí áńpíà rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Tiransifọ́mà sì sọ ọ́ di nǹkan bí 15,000 fóltì kí ó tó bọ́ sójú ọ̀nà. Wáyà bàbà mẹ́ta, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mílímítà 4 lọ, ló gbé e lọ lórí òpó igi tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àwọn agolo tánganran tí wáyà náà jókòó lé ní kòtò kékeré nísàlẹ̀ tí wọ́n da òróró sí, kí iná má bàa gba ara tánganran tó tutù nínú òjò sá lọ sínú òpó. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ti sọ pé òfò ojú ọ̀nà yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ní òpin oṣù Kẹjọ ni iná náà dé. Ẹgbẹ̀rún gílóòbù kan tàn ní Frankfurt, mọ́tọ̀ Dobrowolsky kan tó ní agbára ẹṣin 100 sì ń fa omi sókè kí ó lè máa ya wálẹ̀ bí ìtàkìtì omi níwájú àwọn èrò ìwòran, omi Lauffen tipa bẹ́ẹ̀ di omi tí ń ya ní Frankfurt. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tó kúrò ní Lauffen ló dé. Lẹ́yìn àfihàn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1892, Lauffen bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná fún ìlú Heilbronn tó wà nítòsí rẹ̀. Amẹ́ríkà kò pẹ́ tẹ̀ lé e: ilé iná Mill Creek nítòsí Redlands ní California bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná féèsì mẹ́ta ní ọdún 1893. Kódà ní Niagara, níbi tí Westinghouse ti fi ẹ̀rọ féèsì méjì sí, nígbà tí iná fẹ́ lọ sí Buffalo ní ọdún 1896, tiransifọ́mà ni wọ́n fi sọ ọ́ di féèsì mẹ́ta kí ó tó bọ́ sójú ọ̀nà, nítorí pé bàbà kò gba àríyànjiyàn. Féèsì méjì kò tíì kú pátápátá, ó kàn sá sínú ilé ni: fáànù àti mọ́tọ̀ kékeré tí ń lo iná féèsì kan ní kọ́ìlì kejì àti kàpásítọ̀ tí ń mú kí iná rẹ̀ ṣáájú díẹ̀, èrò Ferraris ti ọdún 1885 gan-an ni.

Dobrowolsky fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ láti so kọ́ìlì mẹ́ta pọ̀, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà méjì ara irin pẹlẹbẹ ti wá. Nínú àkọ́kọ́, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní sítá nítorí ó jọ ìràwọ̀, wọ́n á so ìdí kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lójú kan, orí wọn a sì gba iná. Wáyà kẹrin, tí à ń pè ní nútírà, lè ti ojú kan náà jáde. Nínú èkejì, tí wọ́n ń pè ní dẹ́tà, wọ́n á so ìdí kọ́ìlì kan mọ́ orí èkejì títí wọn yóò fi di igun mẹ́ta, nútírà kò sì sí níbẹ̀. Bí fóltì bá jẹ́ 230 láàárín féèsì kan àti nútírà, ẹni tó bá wọn féèsì kan sí èkejì kò ní rí 460, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í dé góńgó pọ̀. 400 ni yóò rí, tó jẹ́ 230 lọ́nà 1.732, nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, mẹ́ta ni yóò jáde. Ìbátan yìí kò yí padà níbikíbi láyé: 127 di 220 ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Brazil, 120 di 208 ní Amẹ́ríkà, 220 di 380, 240 sì di 415.

Nítorí náà, ohun tí 230/400 ń sọ ni pé kọ́ìlì inú mọ́tọ̀ náà lè gba 230 fóltì, kò sì gbọdọ̀ gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí féèsì sí féèsì bá ti jẹ́ 400, sítá ni kí wọ́n so ó. Bí wọ́n bá so ó ní dẹ́tà, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan yóò gba 400 tààrà, èéfín ni yóò sì kọ́kọ́ jáde. Mọ́tọ̀ 400/690 ni òdìkejì rẹ̀: dẹ́tà ni ó ń bá 400 ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ṣí àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí ojú ìdè mẹ́fà ní ìlà méjì, U1, V1 àti W1 nísàlẹ̀, W2, U2 àti V2 lókè, pẹ̀lú pẹlẹbẹ idẹ mẹ́ta. Bí idẹ náà bá dúró lóòró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, dẹ́tà ni. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ tí wọ́n so ìlà òkè pọ̀, sítá ni. Pàtàkì irú mọ́tọ̀ yìí ni pé mọ́tọ̀ ńlá máa ń fa áńpíà tó tó ìlọ́po márùn-ún sí méje ti iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra, débi pé iná gbogbo àdúgbò lè rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ so ó ní sítá, ìdá kan nínú mẹ́ta áńpíà náà ni yóò fà láti ojú ọ̀nà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan wọn yóò sì yí i sí dẹ́tà. Ipá tó fi ń yí náà ń dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀rọ tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀ kí ó tó gbéra kò lè lo ọ̀nà yìí.

Ọ̀rọ̀ ku ibi tí 230 fúnra rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1899, ilé-iṣẹ́ iná Berlin pinnu láti fi 110 sílẹ̀ kí ó sì gba 220 sínú ilé. Ó sanwó fún àwọn oníbàárà láti pààrọ̀ ohun èlò wọn, owó tó pa mọ́ lórí bàbà sì kájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni 220/380 ti tàn ká Yúróòpù àti àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kò ní orí kò ní ìdí: ní ọdún 1918, àwọn aláṣẹ iná 70 ló wà níbẹ̀, oríṣi fóltì 24 àti ìyára ìlọ-bọ̀ 10 ni wọ́n sì ń tà, débi pé ẹni tó bá kó láti àdúgbò kan sí òmíràn lè rí i pé gílóòbù òun kò wúlò mọ́. Òfin iná ọdún 1926 ló bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wá fìdí kalẹ̀ sórí 240/415. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí iná wá dámọ̀ràn 230/400 ní ọdún 1983, agbedeméjì 220 àti 240 ni wọ́n mú. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1995 tí Gẹ̀ẹ́sì gba 230, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan tiransifọ́mà: òfin kàn sọ pé iná lè wà láti nǹkan bí 216 dé 253 fóltì ni, 240 àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀ ní ìtura.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn, irin pẹlẹbẹ náà sì ń sọ ọ́. Edison ti so ẹ̀rọ 110 méjì pọ̀ láti rí 220, ẹ̀mí ìlọ́po méjì yìí ló sì wà nínú 440 tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò lẹ́yìn náà, kí gbogbo rẹ̀ tó gun òkè díẹ̀díẹ̀ di 120, 240 àti 480. Nítorí náà mọ́tọ̀ ibẹ̀ kì í sábà yan sítá tàbí dẹ́tà. Ìdajì kọ́ìlì méjì ló wà fún féèsì kọ̀ọ̀kan, orí wáyà mẹ́sàn-án sì ń jáde. Bí wọ́n bá so ìdajì méjèèjì tẹ̀ léra, mọ́tọ̀ gba 460. Bí wọ́n bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó gba 230. Wọ́n kọ 460 síbẹ̀ dípò 480 nítorí wọ́n mọ̀ pé fóltì á ti dín díẹ̀ kí ó tó dé ìdí mọ́tọ̀.

Èyí kan Èkó gan-an, nítorí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà pọ̀ níbẹ̀. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60, ti Nàìjíríà ní ìgbà 50. Bí ìlọ-bọ̀ bá dín, fóltì gbọ́dọ̀ dín ní ìwọ̀n kan náà kí òòfà inú irin má bàa pọ̀ jù: 460 lórí 60 bá nǹkan bí 380 lórí 50 mu. Ní 415, irin náà ń ru òòfà tó fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ, ó sì ń gbóná ju bó ti yẹ lọ bí ó tilẹ̀ ń yí lọ́ra ju ti ìlú tó ti wá lọ. Àwọn tó ń tún wáyà mọ́tọ̀ wé mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n a sì fi iye ìgbà tí wáyà yípo kún un kí wọ́n lè bá iná ilé mu.

Òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iná ìjọba kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Òfin ọdún 1950 dá àjọ iná Nàìjíríà sílẹ̀, ìdíwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń lò, 240/415, pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ìyeyè àti búlúù fún féèsì mẹ́ta, dúdú fún nútírà. Nígbà tí ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968, wáyà mẹ́ta tí fóltì wọn jẹ́ 330,000 ló gbé agbára rẹ̀ wá sí ìhà gúúsù, Òṣogbo sì di ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Òpó àdúgbò ń ru wáyà mẹ́rin, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń gba féèsì kan àti nútírà. Bí ilé tó wà lórí féèsì kan bá pọ̀ jù, fóltì rẹ̀ á rẹlẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa sáré sórí féèsì mìíràn títí ìyẹn náà yóò fi rẹlẹ̀. Bí nútírà bá já, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹrù féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní rí ọ̀nà àbọ̀ mọ́, ilé tí ẹrù rẹ̀ kéré lè gba fóltì tó súnmọ́ 415, fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n a sì jóná lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Bí féèsì kan bá kú nígbà tí mọ́tọ̀ ilé ìlagi ń ṣiṣẹ́, kò ní dúró. Yóò máa yí lọ, yóò sì fa nǹkan bí ìlọ́po 1.7 áńpíà láti ara méjì tó kù, títí kọ́ìlì rẹ̀ yóò fi dúdú. Owó tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ná sórí títún mọ́tọ̀ wé nítorí èyí nìkan pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun èlò kékeré tí ń pa mọ́tọ̀ bí féèsì kan bá sọnù kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 2007 ni wáyà 330,000 fóltì ti so Ìkẹjà pọ̀ mọ́ Ṣàkẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí iná Nàìjíríà sì ń gba ibẹ̀ wọ Benin àti Togo. Ilẹ̀ Yorùbá ni orí wáyà náà méjèèjì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìdíwọ̀n sílẹ̀ lápá kan, Faransé lápá kejì. Nítorí pé ìgbà 50 ni iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìhà méjèèjì, tí féèsì sì jẹ́ mẹ́ta, kò sí ohun tó di ìsopọ̀ náà lọ́wọ́: tiransifọ́mà tó wà lópin ọ̀nà ló ń sọ ọ́ di 415 fún mọ́tọ̀ Ìkẹjà, 380 fún mọ́tọ̀ Ṣàkẹ́tẹ́.